Fender 400 àtijọ́ tí ọwọ́ ti wọ̀: kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

ỌmọÌgbógbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tinú-tòde sítíìlì gìtá ni mo ń ké sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ta gìtá fún ẹgbẹ́ jùjú ní Ìkòròdú níbí láyé ọjọ́un ló fi ọ̀kan sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kó máa gbé e lọ. Fender 400 ni, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin rìn lórí okùn rẹ̀, tí pẹ́dálì sì ń yí ohùn okùn padà bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Okùn mẹ́jọ, pẹ́dálì mẹ́rin. Ó ti dípẹtà níbi púpọ̀, ẹ kúkú mọ afẹ́fẹ́ ọ̀sà, ṣùgbọ́n ìpẹtà yẹn ò dà mí láàmú.

Àwọn nǹkan tí wọ́n ti fi kún un ni kò yé mi. Nínú wáyà mẹ́rin tó ti ìdí pẹ́dálì gòkè, méjì jọ ti ìbẹ̀rẹ̀, méjì yòókù nípọn gan-an. Mo fẹ́ẹ̀ búra pé wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà ni. Ọ̀pá kan wà lábẹ́ tí èèyàn lè fi orúnkún òsì tì, irin tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ òkè. Mi ò rí irú ẹ̀ nínú àwòrán Fender 400 kankan. Níbi tó yẹ kí jáàkì wà, ìyẹn ojú tí wáyà anplifáyà ń wọ̀, ojú róbótó kan ni mo bá, ihò kéékèèké márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Mo tú píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sí anplifáyà), ẹyọ owó kọ́bọ̀ kan-kan méjì ni wọ́n fi tì í lábẹ́, 1973 ló wà lára méjèèjì. Ṣúìṣì kékeré kan tún wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fún okùn, wáyà méjì jáde lára rẹ̀, wọn ò sì dé ibì kankan.

Ẹni tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù kó lè rí bó ṣe rí nígbà tó jáde láti ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Wẹ́dàSábó
Òótọ́ ló sọ. Yọ ọ́. Gbé e wá sí Sábó, n óò jó ọ̀pá tuntun sí i fún ẹ. Kí ni wáyà ọ̀kadà ń wá lára gìtá?

BàbáOnígìtá
Wẹ́dà, ẹ má bínú sí mi, iná yín ò gbọdọ̀ kan nǹkan yìí o.

Ọmọ mi, fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Ọdún 1957 ni Fender gbé 400 yìí jáde pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ 1000, èyí tó ní ọrùn méjì, okùn mẹ́jọ mẹ́jọ, pẹ́dálì mẹ́jọ. Wáyà ni Fender lò láti so pẹ́dálì mọ́ okùn. Àwọn Sho-Bud àti Emmons tó gbòde lẹ́yìn náà, irin gbọọrọ ni tiwọn. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé wáyà Fender ṣeé yọ lára okùn kan kéèyàn fi kọ́ òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó o bá rí i pé wáyà pẹ́dálì kejì ò lọ síbi tí ìwé wí, kì í ṣe pé ẹnìkan bà á jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn. Olúkálukú ló ń to tirẹ̀ bó ṣe fẹ́ kó dún.

Ọ̀pá orúnkún yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Fender 400 kì í ní in láti ilé iṣẹ́. Pẹ́dálì lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo ìtò E9, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún okùn, máa tètè rí i pé ẹsẹ̀ nìkan ò tó. Pẹ́dálì kan á gbé ohùn B lọ sí ohùn C#, èkejì á gbé G# lọ sí A, ìyẹn dára, orin á lọ. Bó bá wá fẹ́ rẹ E sílẹ̀ díẹ̀ sí E♭, kí ohùn náà lè yí padà sínú ẹkún, orúnkún ló máa fi ṣe é, torí ẹsẹ̀ òsì ti wà lórí pẹ́dálì, ti ọ̀tún sì wà lórí pẹ́dálì fólúùmù. Kò kúrò níbẹ̀ títí orin á fi parí. Àwọn gìtá tó dé lẹ́yìn ti ní ọ̀pá orúnkún látilẹ̀. Ẹni tó ní Fender 400 lọ́wọ́, tí kò lówó òmíràn, yóò wá nǹkan ṣe.

Àti pé, nígbà tí Demola Adepoju ń ta pẹ́dálì sítíìlì lẹ́yìn King Sunny Adé, ẹgbẹ́ wo ni kò wù kí tirẹ̀ náà máa sunkún báyẹn? Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ gbọ́ ohun tó gbọ́, ó sì mọ ohun tó ń wá. Irin tín-ín-rín yẹn, ọ̀pá agbòòrùn ni yóò jẹ́.

Kọ́kọ́ sọ èyí fún wa: okùn wo ni ọ̀pá orúnkún náà fà, ṣé ó ń gbé e sókè ni àbí ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?

KíbọọdùAgric
Ojú ihò márùn-ún yẹn, MIDI ni o, ojú tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀! Mo ní i lẹ́yìn kíbọọdù mi. Ẹnìkan ti fẹ́ so gìtá yẹn mọ́ kíbọọdù nìyẹn. Gìtá olówó iyebíye lẹ ní lọ́wọ́, ẹ má tà á.

Rẹ́wáyàÌjẹ̀dé
Ẹ̀gbọ́n Kíbọọdù, ojú ihò náà jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe MIDI. Ọdún 1983 ni MIDI jáde, ojú ihò tó ti wà tipẹ́ ni wọ́n sì yá lò. DIN ni wọ́n ń pè é, Jámánì ló ti wá. Rédíò ńlá, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti anplifáyà láti Yúróòpù láyé ìgbà yẹn, òun ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn. Anplifáyà tí ẹgbẹ́ wọn ní ló gba irú ẹ̀, wọ́n sì yí gìtá kó bá anplifáyà mu.

Ọ̀nà tá a fi máa mọ̀: tú u wò lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ihò méjì péré ni wáyà wà lára wọn, tí ti àárín gangan, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 2, sì so mọ́ wáyà híhun tó yí èkejì ká, ohùn gìtá lásán ló ń gbé. Ihò àárín ni iléẹ̀ (earth) nínú DIN tó wà fún ohùn.

Nígbà tó o bá ṣí i, wo ẹ̀yìn kọ́ńtírò fólúùmù àti tóònù. Nọ́ńbà máa ń wà lára irin ẹ̀yìn wọn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 304, ilé iṣẹ́ Stackpole ló ṣe é. 137 ni ti CTS. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀. Kí o tó fọwọ́ kan lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà ibẹ̀, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó o sì ya fọ́tò. Tún gbé mítà sórí píkọ́ọ̀pù ní ojú òṣùwọ̀n ohm. Bí mítà ò bá kà rárá, wáyà inú ti já. Bó bá sún mọ́ òdo, wáyà ti kanra. Píkọ́ọ̀pù Fender tó ní kọ́ìlì kan sábà máa ń wà láàárín kilo-ohm 6 sí 8.

ỌmọÌgbógbó
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Rẹ́wáyà, ihò méjì péré ni wáyà wà, àárín sì ni wáyà híhun náà so mọ́. Mítà ka 7.1. Ẹ̀yìn fólúùmù: 3046318. Kọ́ńtírò tóònù ò ní nọ́ńbà kankan, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ náà sì dán ju ti èkejì lọ.

BàbáOnígìtá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi okùn sí i ná.

KíbọọdùAgric
Ó dáa, mo gbà pé kì í ṣe MIDI 😄. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lójú báyìí: 1963 ni wọ́n ṣe gìtá, 1973 ni wọ́n tún un ṣe. Kọ́bọ̀ ti sọ ọ́.

ÌyáÌbejìẸbútẹ̀
Kọ́bọ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀ o, ọmọ mi. January 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà àti kọ́bọ̀, sílè àti pọ́n-ùn la ń ná tẹ́lẹ̀. Ẹyọ owó 1973 wà lọ́wọ́ wa títí di ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ní in nínú kóló mi di àkókò tí kò ra nǹkan kan mọ́. Ohun tí owó yẹn lè jẹ́rìí sí ni pé ẹni tó fi í síbẹ̀ kò lè fi í síbẹ̀ ṣáájú 1973. Ó lè jẹ́ 1975, ó lè jẹ́ 1984.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn fólúùmù náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe kọ́ńtírò nìyẹn, ó lè pẹ́ nínú páálí kí wọ́n tó so ó mọ́ gìtá. Bó bá jẹ́ kọ́ńtírò ìbẹ̀rẹ̀ ni, ẹ wí pé gìtá náà ò lè ju ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún 1963 lọ ní àgbà, ó tó bẹ́ẹ̀.

Rẹ́wáyàÌjẹ̀dé
Ìyá, ẹ kú làákàyè. Ó pé.

Nípa kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀: idẹ pupa ni kọ́bọ̀ kan ìgbà yẹn, mágnẹ́ẹ̀tì kì í gbé e, nítorí náà kò di píkọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Ká ní irin ni, ohùn á yí padà. Ó jọ pé ohun rírọ̀ tó wà lábẹ́ píkọ́ọ̀pù ti rà, píkọ́ọ̀pù wá jìn sísàlẹ̀, ohùn okùn sì kéré. Bó o bá ti rí rọ́bà líle tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, o lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí o ò bá rí, fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan.

Ojú DIN yẹn náà, má yọ ọ́, má sì gbẹ́ ihò míì síra gìtá. Ra orí DIN akọ kan ní Alábà, so wáyà gìtá lásán mọ́ ọn: ihò àárín sí iléẹ̀ jáàkì, ìkejì tó ní wáyà sí ṣóńṣó jáàkì. Wáyà kékeré kan ṣoṣo, ó tán. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá jáàkì padà lọ́jọ́ iwájú, ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tí kò kan àtúnṣe: bó o bá gbé e lọ sóde tí wọ́n ń lo jẹnẹrétọ̀, tí orí wáyà anplifáyà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, má fi ẹnu kan maikirofóònù nígbà tí irin sítíìlì wà lọ́wọ́ rẹ lórí okùn. Irin ni gbogbo rẹ̀. Bí iná bá jò sára anplifáyà, ara rẹ ni yóò gbà kọjá.

Oníkẹ̀kẹ́Odógùnyàn
Bàbá Onígìtá, mo kí yín o, ẹ jẹ́ kí n tako yín níbì kan. Ọ̀pá agbòòrùn kọ́ ni. Mo wo fọ́tò tí arákùnrin yìí fi ránṣẹ́ sí mi nínú àpótí ìkọ̀kọ̀. Irin bíréèkì Raleigh ni, ti kẹ̀kẹ́ bàbá wa àtijọ́ tó jẹ́ pé irin ló ń fa bíréèkì rẹ̀ dípò wáyà. Ẹ wo orí rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ skúrù tí nọ́ọ̀tì lè gùn kéèyàn fi gùn ún tàbí kó fi kúrú. Ẹni tó ronú kàn án ò kéré. Ìyẹn gan-an ni ọ̀pá orúnkún nílò, torí nọ́ọ̀tì yẹn lo fi máa mú ohùn rẹ̀ bọ̀ sípò. Má pààrọ̀ rẹ̀. Fi epo díẹ̀ sí i, fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ ìpẹtà kúrò, ó tán.

Wáyà ọ̀kadà ni mo bínú sí. Ó nípọn jù. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ò ju nǹkan bíi milimítà 1.5 tàbí 1.6 lọ, ti gíà jẹ́ bíi 1.2. Ti kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tó bá sì ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọrọ ló ti ń tú fọ́nrán. Fi ọwọ́ tọ́ ọ wò níbi tó ti yí, bó bá gún ẹ, ó ti ń já lọ nìyẹn. Wáyà gíà kẹ̀kẹ́ ni kó o rà, ó rọ̀, ó sì lágbára tó.

Bó o bá rà á, má kàn so ó. Wáyà híhun tuntun máa ń gùn díẹ̀ títí fọ́nrán rẹ̀ á fi fún mọ́ra, ohùn pẹ́dálì rẹ á sì máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, wàá rò pé okùn ni. So nǹkan wúwo mọ́ ọn, búlọ́ọ̀kù ilé á ṣe, fi kọ́ mọ́jú, kó o tó gé e. Kó o tó gé e pàápàá, fi lẹ́ẹ̀dì ra ojú ibi tó o fẹ́ gé kó má bàa tú. Èyí tó dán bí fàdákà tí kì í dípẹtà ò ní gba lẹ́ẹ̀dì dáadáa, ti sínkì ni kó o béèrè.

BàbáOnígìtá
Raleigh! Ó dáa, mo gbà, skúrù yẹn ò sí lára agbòòrùn.

Ọ̀rọ̀ wáyà ọ̀kadà ni mi ò tíì gbà tán. Mo mọ ẹni tó fi í sí tirẹ̀, ó sì ta á títí ó fi fi orin sílẹ̀. Kí ọmọ yìí tó náwó, kó kọ́kọ́ dán an wò báyìí. Fún gbogbo okùn bọ̀ sípò, so ẹ̀rọ tó ń ka ohùn mọ́ ọn. Ta okùn kan tí pẹ́dálì ò fà rárá, kó o wá tẹ pẹ́dálì mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì ń dún. Bí okùn tí a ò fà yẹn bá lọ sílẹ̀, ara gìtá fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ lábẹ́ agbára ẹsẹ̀ rẹ, wáyà wo lo sì fẹ́ rà tó máa wo ìyẹn sàn? Ẹsẹ̀ gìtá tó dẹ̀ tàbí skúrù tó tú ni kó o wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ okùn tí pẹ́dálì fà nìkan ni kò dé ibi tó yẹ, tàbí tí kò padà sípò bó o ṣe gbẹ́sẹ̀, wáyà tàbí sípíríǹgì ni. Nígbà náà ni kó o gbọ́ ti Oníkẹ̀kẹ́.

Wẹ́dàSábó
Ẹ̀yin èèyàn yìí mà mọ nǹkan o. Mo jókòó síbí, mo ń kà. Ṣúìṣì yẹn wá ńkọ́?

Rẹ́wáyàÌjẹ̀dé
Mo rò pé tóònù ni. Wọ́n máa ń fi kapásítọ̀ sí ẹ̀yìn ṣúìṣì kí wọ́n lè tètè pa ohùn tó mú ṣáṣá. Ẹni tó yọ kapásítọ̀ ti lọ.

ÌyáÌbejìẸbútẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Rẹ́wáyà, iná ni. Ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ ìgbà náà, èmi ni mo ń bá wọn ṣọ́ ẹrù lóde. Àríyá òru, àgọ́ lójú títì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni iná á lọ. Onílù lè fi ojú dídì lù. Onísítíìlì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí okùn rẹ̀ ò kan pákó, kò sí ohun tí yóò sọ ibi tó wà fún un àfi àmì ojú gìtá. Wọ́n máa ń de gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bátìrì méjì lábẹ́. Kó wo abẹ́ dáadáa, yóò rí ibi tí bátìrì jókòó sí.

ỌmọÌgbógbó
Ìyá, ẹ wò ó! Páànù kékeré kan wà lábẹ́ igun òsì tí mo pè ní àtúnṣe ẹsẹ̀, ó tẹ̀ bí ibi tí bátìrì ńlá lè wọ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó sì ti jẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gígùn wáyà ṣúìṣì náà tó ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

KíbọọdùAgric
Ìyẹn rọrùn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lo máa fi fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe fọ rìmóòtù mi nìyẹn.

Rẹ́wáyàÌjẹ̀dé
Rárá o! Bátìrì alkaline ni wọ́n ń fi omi kíkan fọ̀, torí ohun tó ń jò lára rẹ̀ jọ omi eérú. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́, ti sínkì àti èédú, omi tó ń jò lára tiẹ̀ ti kan tẹ́lẹ̀, ìwọ tún fẹ́ da ọsàn lé e. Baking soda díẹ̀ nínú omi ni. Kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ìyẹ̀fun náà, má fà á símú.

Ìyá ló gbà á, iná ni ṣúìṣì yẹn.

ÌyáÌbejìẸbútẹ̀
Bí kò bá sí baking soda nílé, káún ńkọ́?

Rẹ́wáyàÌjẹ̀dé
Káún dára, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe. Kó lọ̀ ọ́ kúnná, kó sẹ́ ẹ kí iyanrìn má bá a lọ, kó fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún, lẹ́yìn náà kó fi omi lásán nù ún lẹ́ẹ̀mejì kó sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Bí káún bá kù síbẹ̀, òun náà á máa fa omi nínú afẹ́fẹ́ Ìkòròdú.

ỌmọÌgbógbó
Mo ti padà dé. Mo fọ ilé bátìrì. Mo so orí DIN akọ mọ́ wáyà, gìtá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́. Mo ṣe àyẹ̀wò tí Bàbá wí: okùn tí a ò fà ò mì, ṣùgbọ́n okùn tí wáyà ọ̀kadà kan nínú méjèèjì ń fà kì í padà sípò tán. Mo tọ́ ọ wò, ó gún mi. Wáyà gíà ni mo fi rọ́pò ẹyọ kan yẹn, èkejì ṣì dára, mo fi í sílẹ̀. Bàbá àti Oníkẹ̀kẹ́, ẹ pín in bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pá orúnkún: okùn kejì ló fà, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì ohùn.

BàbáOnígìtá
E sí E♭. Ohun tí mo wí gan-an.

E9 láìsí okùn méjì tí wọ́n ń fi kún un lókè ni ìtò rẹ̀ nígbà náà. Láti òkè wá, orúkọ ohùn àti ìnípọn okùn ní ínǹṣì: G# .011, E .014, B .017, G# .020, F# .026, E .030, D .034, B .036. Ra èyí àkọ́kọ́ ní púpọ̀. Òun ló tín-ín-rín jù, òun náà sì ni pẹ́dálì ń fà lọ sí A nígbà gbogbo, òun ló máa ń já jù lára gbogbo pẹ́dálì sítíìlì tó wà ní E9. Bó bá ń já níbi kan náà ṣáá, wo irin tó jókòó lé, ó lè ti gbẹ́ ojú ibẹ̀.

ỌmọÌgbógbó
Wọn ò ta okùn ẹyọ ẹyọ níbi tí mo béèrè.

KíbọọdùAgric
Èyí ni mo mọ̀ dájú 😄. Ra páálí okùn gìtá oníná tó bẹ̀rẹ̀ ní 11. Okùn méjì àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ .011 àti .014, ìyẹn méjì tó o nílò jù. Ẹ̀kẹta jẹ́ .018, kò jìnnà sí .017. Páálí mẹ́ta, o ti ní .011 mẹ́ta nílẹ̀. Èyí tó kù, fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kó o yọ gbogbo rẹ̀ dànù.